Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lórí kíláàsì àtijọ́: ìdáhùn fún akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan ní Ilé-Ifẹ̀

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ilé-Ifẹ̀ ló kọ ìbéèrè yìí sí mi. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ti dá owó jọ láti ran ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́, nítorí pé àwọn ọmọ ti pọ̀ ju kíláàsì lọ. Ilé kan wà níbẹ̀ tó ní kíláàsì mẹ́rin, ilé ilẹ̀ tí wọ́n fi páànù bò, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1981. Wọ́n fẹ́ ṣí páànù rẹ̀, kí wọ́n da dẹ́kìn lé e, kí wọ́n sì kọ́ kíláàsì méjì, yàrá ìkàwé kan, àti yàrá ìtọ́jú aláìsàn oníbùsùn mẹ́fà sí òkè, pẹ̀lú tánkì omi lókè pátápátá. Bíríkìlà tó bá wọn yẹ ilé náà wò sọ pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ le, pé òpó wà nínú ògiri rẹ̀, àti pé ilé tó ti dúró fún ohun tó lé ní ogójì ọdún láì sán kò tún ní wó mọ́. Akọ̀wé wá béèrè pé: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé a lè fọkàn tán ọ̀rọ̀ bíríkìlà yìí, tàbí kí ló yẹ ká ṣe ká tó ná owó olówó?”

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Èmi ò ní gbà kí ẹ gbé òkè kankan lé ilé yẹn títí a ó fi rí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ àti ohun tó wà nínú ògiri rẹ̀. Mo sì fura pé nígbà tí a bá rí i tán, n ó gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá owó jọ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí, nítorí náà n ó fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Ọ̀rọ̀ ogójì ọdún yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ló máa ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù. Alábàárù tó ti ń ru àpò gàrí kan láti àárọ̀ ní ọjà Odò-Ògbè ti fi hàn wá pé òun lè ru àpò kan. Kò tíì fi ohunkóhun hàn wá nípa àpò mẹ́rin. Ilé tó ti dúró pẹ́ ti jẹ́rìí sí ẹrù tó ti ń gbé nìkan ni, kò jẹ́rìí sí èyí tí ẹ fẹ́ gbé lé e.

Àpò mẹ́rin tí mo sì dárúkọ yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ní kílò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kílónútọ̀nù ni àwa ẹnjiníà fi ń kà á. Ká ní kíláàsì náà fẹ̀ ní mítà 7.2 láti ògiri iwájú dé ògiri ẹ̀yìn, bí ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ti rí. Ìdajì òrùlé, ìyẹn mítà 3.6, ló ń sinmi lé ògiri kọ̀ọ̀kan. Páànù, igi àjà àti síléènì kì í sábà wúwo ju 50 kílò lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà ohun tí òrùlé ń gbé lé mítà kọ̀ọ̀kan ògiri kò ju bí 180 kílò lọ. Ògiri búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án, tí wọ́n rẹ́ nínú àti níta, tó ga ní mítà 3, wúwo tó 1,050 kílò fún mítà kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ ohun tó ń tẹ ìpìlẹ̀ lónìí jẹ́ nǹkan bí 1,230 kílò.

Ẹ wá wo ti ọjọ́ tí ẹ bá parí iṣẹ́ yín. Dẹ́kìn àti bíìmù rẹ̀, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí wọ́n máa fi tẹ́ ilẹ̀ òkè, yóò sún mọ́ 540 kílò lórí mítà onígun mẹ́rin, àwọn ọmọ àti àga wọn ni ìlànà sì ní ká ka 300 kílò fún. Èyí jẹ́ 840, tí a bá sì sọ ọ́ di ìlọ́po 3.6, ó di bí 3,020 kílò lórí mítà kọ̀ọ̀kan ògiri. Ẹ fi ògiri òkè, 1,050, kún un. Ẹ fi òrùlé tó ti gòkè, 180, kún un. Ẹ má sì gbàgbé ògiri ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, 1,050. Gbogbo rẹ̀ di 5,300 kílò. Ìlọ́po mẹ́rin ti àtẹ̀yìnwá ti lọ, ó tún lé, mi ò sì tíì ka fàràndà, àkàbà, àti tánkì omi. Kò sí ẹni tí yóò wo ògiri lójú lásán tí yóò mọ̀ bóyá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tó ti ń gbà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín sọ pé 300 kílò ti pọ̀ jù, pé ogójì ọmọ nínú yàrá tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè wúwo tó ìyẹn. Òótọ́ ni, lọ́jọ́ tí ogójì ọmọ bá jókòó sí àyè wọn. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni a ń kọ́ ilé dè. Ọjọ́ tí òjò bá lé gbogbo ọmọ wọ inú kíláàsì kan, ọjọ́ ìpàdé àwọn òbí, ọjọ́ tí wọ́n bá kó gbogbo àga ilé ẹ̀kọ́ sí yàrá kan nítorí ìdánwò: àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni. BS 6399, ìlànà àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹrù ilé, tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà wa kọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ka iyàrá ilé gbígbé sí 150 kílò lórí mítà onígun mẹ́rin, ó ka kíláàsì sí 300, ó sì ka ọ̀nà àbákọjá tí èrò ń ya gbà sí 400. Bíríkìlà yín lè ti kọ́ ogún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Láàgéré àti Modákẹ́kẹ́, kí gbogbo wọn sì dúró ṣánṣán. Ẹrù tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ sí ni ìdajì ẹrù kíláàsì.

Gígùn bíìmù tún ń bẹ níbẹ̀. Yàrá ilé gbígbé kì í sábà ju mítà 3.6, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ògiri sì wà láàárín tó ń gba ẹrù sílẹ̀. Kíláàsì kò gba ògiri láàárín, nítorí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn gbọ́dọ̀ rí pátákó. Bíìmù tó bá gùn ní ìlọ́po méjì, tí ẹrù kan náà wà lórí mítà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ipá tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ láàárín kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ti ń ṣìnà: wọ́n á ra ilé gbígbé, wọ́n á wó ògiri àárín kí yàrá lè fẹ̀, wọn ò sì ní béèrè ohun tí ògiri tí wọ́n wó náà ń gbé.

Yàrá ìkàwé tí ẹ fẹ́ fi sí òkè ló dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ètò yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dà bí ẹni jẹ́jẹ́. Ìwé wúwo ju ènìyàn lọ, kì í sì í dìde lọ sílé ní aago méjì. Ìlànà kan náà ka yàrá ìkàwé tí wọ́n to ìwé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí 400 kílò. Ibi tí wọ́n to kìkì ìwé sí, 240 kílò ni fún mítà kọ̀ọ̀kan gíga àpótí ìwé, kò sì gbọdọ̀ dín sí 650 rárá. Ẹ̀bùn ìwé kì í tán bọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ pọ̀ ní ìlú òyìnbó. Àpótí márùn-ún ọdún yìí yóò di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún mẹ́wàá sí i, dẹ́kìn kò sì ní pariwo títí yóò fi tẹ̀. Ẹ gbé yàrá ìkàwé wá sílẹ̀, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò ti gbé e.

Ti ilé tí ẹ ní lọ́wọ́ wá ńkọ́? Nígbà tí ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè dé ní 1979 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ifẹ̀ àti Iléṣà wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀kọ́ girama sì di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ ya wọ ilé ẹ̀kọ́ bí omi, a sì ní láti kọ́ kíláàsì kíákíá. Mi ò bú àwọn tó kọ́ wọn. Mo mọ ohun tí àìní jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìgbà yẹn tí mo ti tú ìdí rẹ̀ wò jẹ́ ilé tí ògiri ń gbé, kì í ṣe èyí tí òpó ń gbé. Kọnkéré tí wọ́n dà sínú kòtò tóóró ni ìpìlẹ̀ wọn, búlọ́ọ̀kù ló tò lé e, ohun tí ojú sì rí bí òpó láàárín fèrèsé sábà máa ń jẹ́ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n to nípọn díẹ̀, tí wọ́n sì rẹ́. Kódà níbi tí òpó gidi wà, irin mẹ́rin tóóró lè wà nínú rẹ̀ tí kò dé ìpìlẹ̀. “Òpó wà nínú ògiri” kò tíì sọ nǹkan kan fún wa, àfi tí a bá mọ iye irin inú rẹ̀, bí ó ti nípọn tó, àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lé.

Ní ti ilẹ̀, Ifẹ̀ dúró lórí àpáta àtayébáyé tó ti jẹrà di ilẹ̀ pupa, tí yangí sì wà nínú rẹ̀ káàkiri. Yangí tó bá gbẹ nínú oṣù kejì le débi pé díígà á máa ta iná lára rẹ̀. Àmọ́ ẹ padà wá sí ibi kan náà nínú oṣù kẹsàn-án, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ pupa tó yí i ká ti rọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ní ó le, ìdajì ìròyìn ló mú wá. Lẹ́bàá odò àti ní àfonífojì, ọ̀rọ̀ náà tún yàtọ̀, torí amọ̀ àti omi sábà máa ń sún mọ́ òkè níbẹ̀. Ohun mìíràn tí ìlú tó ti pẹ́ bíi ti wa ní lábẹ́ ilẹ̀ ni ihò: kànga tí wọ́n dí, ṣáláńgá tó kún tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò, ọ̀gán tí wọ́n tú tí wọn kò kì ibẹ̀ dáadáa.

N ó sọ ọ̀kan tí mo fojú rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn kan pè mí lọ sí Iléṣà, sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti fi òkè kún. Ògiri igun ilé ti là láti etí fèrèsé lọ sísàlẹ̀ ní ìdábùú, ó ń tẹ̀lé ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí i lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ti kùn ún. A gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀, a sì bá ṣáláńgá àtijọ́ pàdé kí a tó gbẹ́ dé mítà méjì, tí ìpìlẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá bí afárá. Fún ìgbà tí ilé náà fi jẹ́ ilé ilẹ̀, afárá yẹn gbé e. Nígbà tí òkè dé, tí ibùsùn àti aláìsàn sì wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rì. A ní láti kó aláìsàn jáde ká tó lè tún un ṣe, owó àtúnṣe náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó tí wọ́n fi kọ́ òkè.

Ìyẹn ni ìdí tí n ó fi ní kí ẹ gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò sí ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó kéré tán ní ibi mẹ́rin, kí igun méjì àti ìdí ògiri tó pín kíláàsì wà nínú rẹ̀. Kí ẹnjiníà wọn bí ìpìlẹ̀ náà ti fẹ̀ tó, bí ó ti jìn tó, kí ó sì wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá láti yẹ ilẹ̀ wò jìn ju ibi tí ṣọ́bìrì dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ti ṣóńṣó irin rẹ̀ wọlẹ̀ tí wọ́n sì ń ka bí ilẹ̀ ti ń kọ̀ ọ́ wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá bá àpáàdì tí wọ́n tò nídùúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pàdé nínú kòtò, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ ránṣẹ́ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹ̀nuwá. Ilẹ̀ tí àwọn baba wa tẹ́ ni, ohun ìpàtẹ ìtàn ni, kì í ṣe iyanrìn tí a ń pò mọ́ sìmẹ́ńtì.

Nínú ògiri àti òpó, iṣẹ́ àyẹ̀wò kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Wọ́n á yọ búlọ́ọ̀kù bíi mẹ́fà láti ibi tí kò ní pa ilé lára, wọ́n á gbé wọn lọ fọ́ ní láàbù láti mọ agbára wọn. Wọ́n á gbẹ́ kọnkéré òpó díẹ̀ kúrò kí wọ́n lè fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìnípọn, wọn irin. Níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ yẹn, wọ́n á fọ́n omi oògùn kan tí wọ́n ń pè ní phenolphthalein sí i. Ibi tí kọnkéré bá ṣì ní agbára láti dáàbò bo irin, á di àwọ̀ àlùkò lójú ẹsẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti jẹ agbára yẹn, kò ní yí àwọ̀ padà. Tí ibi tí kò yí àwọ̀ padà bá ti dé ara irin, ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ tàbí kó bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, á sì ti kọnkéré ya láti inú. Òòlù tí ń ta padà, tí wọ́n fi ń kan ojú kọnkéré láti fojú díwọ̀n agbára rẹ̀, wúlò, ṣùgbọ́n awọ ara nìkan ló ń wò. Bí ẹnì kan bá fi òun nìkan ṣe àyẹ̀wò yín tó sì gba owó, kò tíì ṣiṣẹ́.

Ẹ sọ pé ilé náà kò sán. Ẹ tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn pátákó àti lókè fèrèsé. Ìlà tín-ín-tín tó fọ́n ká lójú rẹ́ kò ní kí ọkàn yín dààmú; rẹ́ ló gbẹ. Ìlà tó dábùú láti igun fèrèsé ni ti ìpìlẹ̀ tó ń rì. Ìlà tó bá gba ìsàlẹ̀ bíìmù tàbí ara òpó lọ gbọọrọ, tí àwọ̀ ìpẹtà sì ń sun jáde níbẹ̀, ti irin ni. Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ibi tó parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ sì padà wá wò ó lẹ́yìn òjò oṣù mẹ́ta. Ìlà tó ṣì ń rìn yàtọ̀ sí èyí tó ti sùn.

Ó ku fàràndà òkè. Akọ̀wé, ẹ ò béèrè nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, fàràndà náà yọ síta ní mítà 1.8 láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀. Dẹ́kìn tó wà láàárín ògiri méjì máa ń fẹ́ ya nísàlẹ̀, irin rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. Dẹ́kìn tó yọ síta máa ń fẹ́ ya lókè, níbi tó ti kúrò lára ògiri. Irin tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, kó sì wọnú ilé lọ dáadáa. Mo ti bá fàràndà ilé ẹ̀kọ́ kan pàdé tí wọ́n fi gbogbo irin rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó dì í kàn ṣe é bó ṣe ń ṣe ti inú yàrá ni. Mo tún ti bá èyí tí wọ́n dì dáadáa lókè pàdé, àmọ́ tí àwọn tó ń da kọnkéré ń rìn lórí rẹ̀ láti àárọ̀ títí ó fi bọ́ sísàlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ojú kò rí ìyàtọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á tán. Tí ẹ bá sì fa yíyọ náà láti mítà 1.2 dé 1.8, ipá tó fẹ́ ṣẹ́ ẹ lẹ́nu ògiri ti lé ní ìlọ́po méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì mítà àti díẹ̀ lẹ fi kún un. Orí irú fàràndà yìí sì ni gbogbo ọmọ máa dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wò.

Ẹnì kan á tọ́ka sí Fásitì Ifẹ̀, pé ṣebí àwọn ilé tí Arieh Sharon yà níbẹ̀ náà, òkè wọn yọ ju ìsàlẹ̀ lọ, òòrùn kò sì lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ràn wọn, mo sì ti mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ dúró lábẹ́ wọn. Láti orí pépà ni wọ́n ti ṣírò yíyọ wọ̀nyẹn pọ̀ mọ́ òpó àti bíìmù ilé náà. Kì í ṣe ohun tí a ń so mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù nígbà tí ilé ti di àgbà.

Nípa yàrá ìtọ́jú aláìsàn, ó lè yà yín lẹ́nu pé ìlànà ka wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn sí 200 kílò péré, ó kéré sí ti kíláàsì. Nítorí náà kì í ṣe ibùsùn ló jẹ́ ìṣòro. Ìṣòro ni pé aláìsàn kò lè sáré. Ọmọ kíláàsì tó bá gbọ́ pé ilé ń ké á fò jáde. Ọmọ tí ibà dá wó yóò dúró de ẹni tí yóò gbé e, lórí àkàbà tí àwọn yòókù ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi wọ́ọ̀dù sí òkè, ẹ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà onígẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tí kò ga ju mítà kan fún mítà méjìlá gígùn, ìyẹn sì ni pé òkè tó ga ní mítà 3.3 máa ń fẹ́ ọ̀nà tó gùn tó mítà 40, láì ka ibi ìsinmi rẹ̀. Ẹ ò ní àyè rẹ̀. Tánkì omi ńkọ́? Líta kan, kílò kan. Tánkì onílíta 5,000 jẹ́ tọ́ọ̀nù márùn-ún lójú kan. Ẹ kọ́ àgbékà tirẹ̀ fún un nílẹ̀, kó dá dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fún yín ní ẹ̀rọ X-ray lọ́jọ́ iwájú, ilẹ̀ náà ni kó wà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ NNRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán.

Ìjì òpin ọ̀gbẹlẹ̀ náà kò ní dárí jì yín. Atẹ́gùn tó ń sáré ní mítà 40 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 kílò lórí mítà onígun mẹ́rin, òrùlé páànù pẹ̀lú igi rẹ̀ kò sì wúwo tó ìdajì rẹ̀, nítorí náà òkè ni atẹ́gùn máa ń fà á lọ, pàápàá ní etí àti igun. Tí ẹ bá gbé òrùlé ga sí i, atẹ́gùn tó ń bá a yóò le sí i. Kí wọ́n fi irin de igi àjà mọ́ bíìmù òkè ògiri, kì í ṣe ìṣó nìkan.

Ẹ̀rù àwọn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ báyìí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà mẹ́ta kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì pa èèyàn tó tó 20. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ alájà méjì kan wó ní ìlú Jos nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ 22 ló kú.

Kí ni kí ẹ wá fi owó yín ṣe? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tún ilé 1981 yẹn ṣe bó ti wà, kí ẹ sọ méjì nínú kíláàsì rẹ̀ di yàrá ìkàwé àti yàrá ìtọ́jú, nílẹ̀. Kí ẹ sì kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún kíláàsì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ya tí wọ́n sì ṣírò láti ìpìlẹ̀. Tí owó kò bá tó parí rẹ̀, ẹ kọ́ ìsàlẹ̀ nìkan lórí ìpìlẹ̀ àti òpó tó lè gba òkè lọ́jọ́ iwájú, kí ẹ sì fi àwòrán rẹ̀ pa mọ́ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ yín, kí ẹni tí yóò béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́dún 2050 lè rí èsì. Kí àlàfo tó tó mìlímítà 25 wà láàárín ilé tuntun àti ti àtijọ́, nítorí wọn kò ní rì ní ìwọ̀n kan náà.

Bí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò bá gba ilé mìíràn, ọ̀nà kan ṣì wà: òpó tuntun lẹ́yìn ògiri àtijọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, tí bíìmù yóò sì gba orí ilé kọjá láì fara kàn án. Ó wọ́n, ó sì léwu nígbà gbígbẹ́lẹ̀, torí kòtò tó jìn ju ìpìlẹ̀ àtijọ́ lọ lè fa ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Tí wọ́n bá ní láti gbẹ́ sábẹ́ ìpìlẹ̀ náà, mítà kan ni kí wọ́n máa gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dí i kó le, kí wọ́n tó lọ sí òmíràn tí kò fara kan èyí tí wọ́n sẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Àsìkò ìsinmi ni kí wọ́n ṣe é, kí ọmọ kankan má sí nínú kíláàsì.

Ẹni tí yóò ya ilé náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí òǹtẹ̀ rẹ̀ wà lórí àwòrán, kí àwọn aláṣẹ ètò ìlú ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Bíríkìlà yín ṣì ní iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì lè mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn máa wò ó. Kí ẹ ní kálípà lọ́wọ́ nígbà tí irin bá dé: irin tí wọ́n tà fún yín ní 12 mìlímítà, tó bá jẹ́ 10.5 ló wọ̀n, agbára tó kù nínú rẹ̀ kò tó ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo nọ́ńbà agbára tó wà lára àpò sìmẹ́ńtì, 42.5 ni ẹ fẹ́ fún òpó, bíìmù àti dẹ́kìn; 32.5 wà fún rẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá da kọnkéré, kí wọ́n bu díẹ̀ sínú àpótí irin kékeré, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì fọ́ ọ ní láàbù lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kòtò mẹ́rin yẹn. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ mú, kí ẹ fi páànù bo ojú wọn tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ẹ sì dí wọn padà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kí àwọn ọmọ tó dé. Kí ẹ pe bíríkìlà yín wá síbẹ̀ pẹ̀lú, kí òun fúnra rẹ̀ fi ìwọ̀n sí ìpìlẹ̀ tó ní ó le náà.